Owó Ilé Ẹ̀kọ́ Àwọn Ọmọ Wa: Ta Ni Ń Pín In?

   

Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sẹ́yìn, ìyá kan nínú ìjọ wa, tí ó ń ta ẹ̀lùbọ́ ní ọjà New Benin, dúró dè wá lẹ́yìn ìsìn. Ó ní, "Fadá, ẹ má bínú o. Nígbà tí àwọn ọmọ wọlé ní tẹ́ẹ̀mù yìí, wọ́n ní kí òbí kọ̀ọ̀kan dá owó tí a ó fi san owó oṣù olùkọ́ ìṣirò, nítorí pé èyí tí ìjọba fún wọn ti fẹ̀yìn tì, wọn kò sì tíì rí ẹlòmíràn. Mo dá tèmi. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ mọ̀ ọ́n ni: ta ni ń pín owó ilé ẹ̀kọ́ ìjọba, níbo ni wọ́n sì ti ń pín in?" A dá a lóhùn pé ìjọba ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Fadá, ìjọba wo?"

Ẹ̀yin ará, ìbéèrè náà bá wa délé. Àwa tí à ń pe ara wa ní olùṣọ́ agbo kò mọ ìdáhùn rẹ̀ ní kíkún. A wádìí, a ka ìwé, a bi àwọn tí ó mọ̀ léèrè. Ohun tí a rí ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí, nítorí pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà, kì í sì í ṣe ẹnu lásán ni a fi ń kọ́ ọmọ.

Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999 ni ó fi ìdí ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀. Abala 120 sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú owó jáde nínú àpò ìpínlẹ̀ àfi bí òfin bá fi àyè sílẹ̀ fún un. Òfin yìí de gómìnà, ó de kọmíṣánnà, ó sì de akọ̀wé tí ó mú bírò lọ́wọ́. Abala 121 wá pàṣẹ pé kí gómìnà ṣe àkọsílẹ̀ owó tí a retí pé yóò wọlé àti èyí tí yóò jáde, kí ó sì gbé e síwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin kí ọdún tuntun tó bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹ fi ń gbọ́ ariwo ètò ìṣúná lórí rédíò bí ọyẹ́ bá ti ń yọjú, ní àkókò tí àwa ń ra aṣọ Kérésìmesì fún àwọn ọmọ, tí ọkàn wa kò sí lọ́dọ̀ àwọn aṣòfin rárá.

Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Ẹdó wà ní Ring Road, láàárín ìlú, nínú ọgbà tí wọ́n fi orúkọ olóògbé Olóyè Anthony Enahoro pè. Láti New Benin, bí ènìyàn bá gba ojú ọ̀nà Mission, kò jìnnà. Aṣòfin 24 ni ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ètò ìṣúná kì í bẹ̀rẹ̀ ní Ring Road. Ní ọ̀pọ̀ oṣù ṣáájú, àwọn tí ó ń mójú tó ètò ìṣúná a kọ̀wé sí gbogbo iléeṣẹ́ ìjọba pé kí wọ́n mú ohun tí wọ́n nílò wá. Iléeṣẹ́ Ètò Ẹ̀kọ́ a ka àwọn olùkọ́ rẹ̀, a ka ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, a sì kọ iye owó tí ó ń fẹ́ sílẹ̀. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń pín in sí. Èkínní ni owó ìnáwó ojoojúmọ́, bí owó oṣù àwọn olùkọ́ àti owó ẹfun ìkọ̀wé. Èkejì ni owó iṣẹ́ ńlá, bí kíkọ́ iyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ àti ríra àga àti tábìlì. Ìyá ẹ̀lùbọ́ wa kò ní ṣàì mọ èyí. Òun náà a máa ya owó ọjà sọ́tọ̀, a ya owó ọbẹ̀ sọ́tọ̀. Bí ó bá da méjèèjì pọ̀, igbá rẹ̀ kò ní pẹ́ dànù.

Nígbà tí gómìnà bá ti gbé àbá òfin náà dé iwájú Ilé, wọn a kà á lẹ́ẹ̀kínní, èyí tí kò ju kíkéde orúkọ rẹ̀ lọ. Ní kíkà ẹlẹ́ẹ̀kejì, àwọn aṣòfin a jíròrò lórí ìpìlẹ̀ rẹ̀, bóyá ó ṣe ìlú ní àǹfààní tàbí kò ṣe é. Lẹ́yìn náà, wọn a fà á lé àwọn ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó lọ́wọ́. Ẹ̀yin ará, ibí yìí gan-an ni iṣẹ́ wà. Ìgbìmọ̀ tí ó ń rí sí ètò ẹ̀kọ́ a pe kọmíṣánnà àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kí wọ́n wá wí tẹnu wọn. Èló ni a kọ sílẹ̀ fún yín ní èṣí? Èló ni ó dé ọwọ́ yín? Kí ni ẹ fi ṣe? Kí ló dé tí ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ sọ pé ẹ ó tún ṣe ní èṣí tún wà nínú ìwé ọdún yìí? Aṣòfin tí ó mọ ilé ẹ̀kọ́ tí ó wà ní agbègbè rẹ̀ yóò rí ìbéèrè béèrè. Èyí tí kò mọ̀ ọ́n yóò jókòó, yóò máa wo ojú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Bí ìgbìmọ̀ bá ti parí, wọn a mú àbọ̀ wá síwájú gbogbo Ilé. Wọn a yẹ̀ ẹ́ wò ní ìpín ní ìpín, wọ́n lè dín ti ibì kan kù, wọ́n sì lè fi kún ti ibòmíràn. Lẹ́yìn náà ni wọn a kà á lẹ́ẹ̀kẹta, tí wọn a fọwọ́ sí i. Ó kú ọwọ́ gómìnà. Abala 100 fún un ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti sọ bóyá òun gbà tàbí òun kò gbà. Bí ó bá kọ̀, tí Ilé sì tún un gbé kalẹ̀, tí ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn fọwọ́ sí i, èyí tí í ṣe ènìyàn 16 nínú 24, ó di òfin, gómìnà ìbáà fẹ́, ìbáà kọ̀. Bí ọdún tuntun bá sì bẹ̀rẹ̀ tí òfin náà kò tíì jáde, abala 122 gbà pé kí gómìnà máa ná owó fún oṣù mẹ́fà, ṣùgbọ́n owó náà kò gbọdọ̀ ju iye tí a yà sọ́tọ̀ fún irú àkókò bẹ́ẹ̀ ní ọdún tí ó ṣáájú lọ.

Ẹ má ṣe rò pé ẹnu lásán ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, tàbí pé ohun tí gómìnà bá gbé wá ni wọ́n gbọdọ̀ gbé jáde. Ní ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá ọdún 2024 ni Gómìnà Monday Okpebholo gorí àlééfà. Oṣù tí ó tẹ̀ lé e ni ó gbé àbá ìṣúná ti ọdún 2025 lọ sí Ilé, ó sì lé díẹ̀ ní 600 bílíọ̀nù náírà. Nígbà tí àwọn aṣòfin fi máa ṣe é tán, ó ti di bíi 675 bílíọ̀nù. Owó tí ó wọ inú rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀ yẹn pọ̀ gan-an, àwọn tí ó wà nítòsí tí wọ́n sì lẹ́nu ọ̀rọ̀ ni wọ́n mọ ibi tí a pín in sí.

Ètò ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì débi pé ìpínlẹ̀ tí ó bí Ẹdó ti gbé e dé ilé ẹjọ́ rí. Ní ọdún 1981, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ambrose Alli jẹ́ gómìnà Bendel, wọ́n ṣe òfin pípín owó ìjọba àpapọ̀ kan ní ìlú Èkó. Ilé aṣòfin méjèèjì kò fẹnu kò lórí rẹ̀, wọ́n gbé e fún ìgbìmọ̀ alápapọ̀ kan, láti ọwọ́ ìgbìmọ̀ náà ni ó sì ti lọ sí ọ̀dọ̀ Ààrẹ fún ìfọwọ́sí. Bendel ní rárá, iṣẹ́ ìgbìmọ̀ kò lè rọ́pò ìpinnu gbogbo Ilé. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ gbà pẹ̀lú Bendel, ó sì fagi lé òfin náà. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé owó ìlú kì í gba ẹ̀yìnkùlé kọjá.

Kí ló dé tí a fi ń tẹnu mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀? Ẹ gbọ́. Abala 18 inú Ìwé Òfin yẹn sọ pé kí ìjọba rí i pé gbogbo ọmọ ní àǹfààní ẹ̀kọ́ dọ́gbadọ́gba, kí ẹ̀kọ́ sì jẹ́ ọ̀fẹ́ nígbà tí ó bá ṣeé ṣe. Ọ̀rọ̀ dídùn ni. Ṣùgbọ́n abala 6 inú ìwé kan náà kò jẹ́ kí a fi ìlérí bẹ́ẹ̀ pe ìjọba lẹ́jọ́ lásán. Níbo wá ni ìlérí náà ti ń di olùkọ́ tí ó dúró níwájú pátákó? Inú ètò ìṣúná ni. Ohun tí kò bá sí nínú ìwé ìṣúná, àdúrà rere ni.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ owó Àbújá. Òfin ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún gbogbo ọmọ, èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún 2004, ya ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó àpò ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ tí ó bá fẹ́ gba ìpín tirẹ̀ nínú owó kíkọ́ ilé ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé ìdajì tirẹ̀ sílẹ̀. Bí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin kò bá fi ìdajì náà sínú ìṣúná, tàbí tí wọ́n fi í síbẹ̀ tí a kò san án, owó Àbújá yóò jókòó sí Àbújá. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ó bá sọnù nínú ìwé ní Ring Road lè gba òrùlé lórí ọmọ ní ẹ̀ẹ̀mejì.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà láàárín wa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí wa. Kí wọ́n tó dá ẹkùn Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn sílẹ̀ ní ọdún 1963, ilé aṣòfin kan náà ní Ìbàdàn ni ó ń pín owó ilé ẹ̀kọ́ fún Bìní àti fún Ìjẹ̀bú, fún Èkìtì àti fún Ìṣán. Ní ọdún 1952, Olóyè Stephen Awokoya, tí ó jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́, gbé àbá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kalẹ̀ níwájú ilé náà. Ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955 ni ètò náà bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí Enahoro ọmọ Uromi náà sì jẹ́ mínísítà nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti iye tí ó lé ní 450,000 ní ọdún 1954 sí iye tí ó lé ní 800,000 ní ọdún 1955. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé wọ́n san owó rẹ̀. Àwọn ará ìlú bínú sí owó orí tí wọ́n fi kún un, ẹgbẹ́ tí ó ń ṣèjọba sì pàdánù ìbò àpapọ̀ ọdún 1954 ní Ìwọ̀-Oòrùn. Síbẹ̀, wọn kò yí ẹ̀yìn padà. Nínú yín tí ẹ ń gbọ́ wa lónìí, ẹ wà níbẹ̀ tí ẹ fi ẹsẹ̀ lásán wọ ilé ẹ̀kọ́ ní ọdún náà. Ìwé ìṣúná kan ni ó sọ yín di ẹni tí ó mọ̀wé.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí á jẹ́wọ́. Ní ọdún kan tí ó ti kọjá, ìjì ká òrùlé ilé ẹ̀kọ́ ìjọba kan tí ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ wa ń lọ. A kò ní dárúkọ rẹ̀. A kó ara wa jọ, a dá owó, a kan ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ọn pé ọmọ Yorùbá kì í ṣe ọ̀lẹ. Ìdajì òrùlé ni owó wa ká. Ọdún méjì ni àwọn ọmọ fi ń sá kiri nínú iyàrá kan náà bí òjò bá ń rọ̀. Nígbà tí a wá rí ìwé ìṣúná ọdún náà, a rí i pé orúkọ ilé ẹ̀kọ́ wa kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ ilé ẹ̀kọ́ tí kò jìnnà sí i wà níbẹ̀ kedere. A bi ara wa léèrè ohun tí ó fà á. Àwọn òbí ilé ẹ̀kọ́ kejì ti kọ̀wé sí aṣòfin wọn kí òjò tó dáwọ́ dúró, wọ́n fi àwòrán sí i, wọ́n sì rán ènìyàn mẹ́ta lọ bá a. Àwa kò kọ ohunkóhun. Kò sí ẹni tí ó fi ẹ̀tọ́ wa dù wá. A kò bèèrè ni.

Kí ló dé tí a kò bèèrè? Ọ̀rọ̀ tí a sọ láàárín ara wa ni pé, "Àlejò ni wá. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran." Ẹ̀yin ará, ó yẹ kí á tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò. Bàbá lè jẹ́ àlejò, ṣùgbọ́n ọmọ tí a bí ní New Benin, tí ó ń sọ èdè Ẹdó ju bí ó ti ń sọ Yorùbá lọ, ibo ni yóò lọ tí wọn yóò pè é ní onílé? A mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba àwọn kan, pé bí a bá lanu, wọn yóò ní kí á máa lọ sí ilẹ̀ bàbá wa. A kò ní sọ pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò dun ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Àti pé aládùúgbò wa ọmọ Ẹdó tí ọmọ tirẹ̀ jókòó sí àga kan náà pẹ̀lú ọmọ wa, òjò kan náà ni ó ń pa wọ́n. Kí á jùmọ̀ lọ ni ó tọ́.

A tún rí ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹnu àdúgbò kan kò bá sí nínú Ilé. Ní oṣù kejìlá ọdún 2019, lẹ́yìn ìjà òṣèlú tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹfà, Abẹnugan Ilé kéde pé ìjókòó àwọn aṣòfin 14 ti ṣófo, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì tíì búra wọlé rárá. Mẹ́wàá ni ó kù. Òfin gbà bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìdá kan nínú mẹ́ta, èyí tí í ṣe ènìyàn mẹ́jọ, ti tó láti jókòó ṣe iṣẹ́ Ilé. A kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni nínú ìjà náà. Ohun tí a ń sọ ni pé àwọn òbí ní àgbègbè mẹ́rìnlá kò ní ẹni tí yóò dá orúkọ ilé ẹ̀kọ́ wọn lé orí tábìlì. Bí ènìyàn kò bá sí níbi tí a ti ń pín ẹran, egungun ni wọn yóò fi sílẹ̀ fún un.

Kí ni kí á ṣe nígbà náà? Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ lọ fi orúkọ sílẹ̀ láti dìbò níbi tí ẹ ń gbé. Abala 117 kò bèèrè ìlú bàbá ẹnikẹ́ni. Ọmọ Nàìjíríà tí ó bá ti pé ọdún méjìdínlógún, tí ó ń gbé ní orílẹ̀-èdè yìí, lẹ́tọ̀ọ́ sí i. New Benin wà lábẹ́ Oredo, Oredo sì ní aṣòfin méjì ní Ring Road, ti ìlà-oòrùn àti ti ìwọ̀-oòrùn. Ẹ mọ èyí tí ó jẹ́ tiyín.

Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ kọ̀wé ní àkókò. Ìwé tí ó bá dé ní oṣù kejìlá ti pẹ́, ọbẹ̀ ti jinná, wọ́n ti ń bù ú. Ẹ kọ ọ́ ní oṣù keje tàbí ìkẹjọ, ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí Iléeṣẹ́ Ètò Ẹ̀kọ́, ẹ fi ọ̀kan fún aṣòfin yín. Ẹ sọ iye ọmọ, iye olùkọ́ tí ó kù, ohun tí ó bàjẹ́. Ẹ má bú ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀.

Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ tọ owó náà lẹ́yìn. Kí a kọ owó sínú ìwé yàtọ̀ sí kí owó jáde. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ni orúkọ wọn wà nínú ìwé tí bíríkì kan kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Òfin òmìnira ìròyìn ti ọdún 2011 fún wa ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè àkọsílẹ̀ ìjọba, kí wọ́n sì dá wa lóhùn láàárín ọjọ́ méje. Àwọn kan máa ń sọ tẹ́lẹ̀ pé òfin náà kò de ìjọba ìpínlẹ̀. Ẹjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Bìní níbí ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fi yanjú ọ̀rọ̀ náà ní oṣù kẹrin ọdún 2025: ó de ìpínlẹ̀ gbogbo. Abala 125 sì ti pàṣẹ pé kí ayẹ̀wé-owó-wò àgbà ìpínlẹ̀ fi àbọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí Ilé. Kí á máa bi àwọn aṣòfin wa léèrè ohun tí wọ́n fi àbọ̀ náà ṣe.

Ẹ̀yin ará, a ti padà lọ bá ìyá ẹ̀lùbọ́ wa. A sọ fún un pé, "Ìyá, ènìyàn 24 ni wọ́n ń pín in, ní Ring Road, ní òpin ọdọọdún, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ tiyín." Ó dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó ní, "Fadá, ṣé ó mọ̀ pé olùkọ́ ìṣirò wa ti lọ?" A ní a kò rò pé ó mọ̀. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí á lọ sọ fún un nígbà náà."

Lọ́jọ́ Àìkú tí ń bọ̀, lẹ́yìn ìsìn kejì, àwọn òbí yóò jókòó nínú gbọ̀ngàn wa láti kọ ìwé náà. A ti pe àwọn òbí ọmọ Ẹdó tí ọmọ wọn wà ní ilé ẹ̀kọ́ kan náà, wọ́n sì ti ní àwọn ń bọ̀. Ẹni tí ó bá mọ iye ọmọ tí ó wà ní kíláàsì ọmọ rẹ̀, kí ó kọ ọ́ sórí ìwé, kí ó mú un wá.